Jọ́nà ní kí n sanwó kí n tó lè gba àpilẹ̀kọ mi padà

Ọmọ Onígàrí (Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti gba oorun lójú mi láti ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ dákun ẹ bá mi dá sí i.

Ìmọ̀ ìlera ará ìlú ni mò ń ṣe, PhD. Iṣẹ́ mi dá lórí àwọn obìnrin tó ń yan gàrí àti èéfín tí wọ́n ń fà símú lójoojúmọ́. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ímeèlì kan wọlé. Wọ́n pè mí ní "Ọ̀jọ̀gbọ́n Ńlá", èmi tí n kò tíì gba Ọ̀mọ̀wé. (Ẹ má rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà.) Wọ́n ní àwọn rí iṣẹ́ tí mo gbé kalẹ̀ ní àpérò kan, kí n fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí jọ́nà àwọn, ìwé ìwádìí tó jẹ́ ti àgbáyé. Mo fi ránṣẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, wọ́n ti gbà á wọlé. Wọn kò ní kí n tún nǹkan kan ṣe, àfi kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún àkọlé. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dárúkọ owó: dọ́là 180.

Ara fu mí. Mo kọ̀wé pé n kò ṣe mọ́. Èsì wọn ni pé olóòtú àti àwọn tó yẹ iṣẹ́ náà wò ti ṣe làálàá, kí n san dọ́là 120 "owó ìfàpadà" kí wọ́n tó lè yọ̀ǹda rẹ̀. Lánàá tí mo wo ojú òpó wọn, àpilẹ̀kọ mi ti wà níbẹ̀ gbalaja! N kò san kọ́bọ̀.

Èyí tó tún wá dá kún un ni pé ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní tí mo bá máa fi í ránṣẹ́ síbòmíràn, kí n fi orúkọ olórí ẹ̀ka wa kún un, àti orúkọ ọ̀rẹ́ òun kan ní yunifásítì mìíràn. Àwọn méjèèjì kò mọ ọ̀nà abúlé tí mo ti gba dátà yẹn.

Ṣé kí n san 120 yìí kí n lọ sinmi ni?

Kúnlé_Ajé (9:31 alẹ́)

Sanwó, jàre. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà ní 2019. Mo san 100, kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi yọ ọ́. Mo fi owó ra àlàáfíà ara mi.

Adérónkẹ́ (9:40 alẹ́)

Má san án o! Èmi san 150. Lẹ́yìn tí wọ́n gbà á tán ni wọ́n ní ti "ìfàpadà" nìyẹn, pé owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gba láti yọ ọ́ lójú òpó. Iṣẹ́ mi ṣì wà níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé o máa sanwó lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ ilé rẹ nìyẹn.

Ìyá Láíbìrì (10:22 alẹ́)

Kúnlé, oríire lẹ ṣe.

Ọmọ Onígàrí, fara balẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo kọ́kọ́ ní: ǹjẹ́ o buwọ́ lu ìwé kankan tó gbé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́? Àwọn mìíràn máa ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, àwọn mìíràn á ní kí o tẹ àpótí kékeré kan nígbà tí o bá ń gbé iṣẹ́ sókè, èèyàn kì í sì í ka ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà. Tí o kò bá buwọ́ lu nǹkan kan, tìrẹ ni iṣẹ́ náà. Wọ́n kàn gbé ọjà rẹ lọ pàtẹ láìgbàṣẹ ni.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá wá sí ọ́fíìsì mi rèé. Ya àwòrán gbogbo ímeèlì àti ojú ewé tí iṣẹ́ rẹ wà, kí ọjọ́ àti aago hàn. Kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, kó kúrú, kó má ní èébú: mo ti fa iṣẹ́ mi padà lọ́jọ́ báyìí, n kò fún yín láṣẹ láti tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ yọ ọ́ kúrò. Fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, má bá wọn fa ọ̀rọ̀ mọ́. Tí wọ́n bá ní àwọn máa pè ọ́ lẹ́jọ́, má fèsì.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá fún ọ yìí ti pẹ́ láyé. Ní 2016, FTC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, gbé ilé-iṣẹ́ OMICS ti ilẹ̀ Íńdíà lọ sí kóòtù. Àwọn ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ bá ọ̀rọ̀ rẹ mu bí ẹni pé ìwọ lo kọ ọ́: pé wọn kì í dárúkọ owó títí wọ́n á fi gba iṣẹ́ wọlé, pé wọ́n ń ní àwọn onímọ̀ ti yẹ iṣẹ́ wò nígbà tí kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, pé wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀ bí olóòtú láìgbàṣẹ lọ́wọ́ wọn, pé tí èèyàn bá fẹ́ fa iṣẹ́ padà wọn kì í gbà. Ní 2019, adájọ́ ní kí wọ́n san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là. Nítorí náà má rò pé ìwọ nìkan ló gọ̀.

Tóbi_Físíìsì (10:37 alẹ́)

Ẹ ti ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Kò le tó bẹ́ẹ̀. Tí jọ́nà bá ti ní ISSN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀) àti impact factor (òǹkà bí àwọn onímọ̀ ṣe ń tọ́ka sí iṣẹ́ inú rẹ̀ tó), ojúlówó ni. Ṣé wọ́n ní i?

Ọmọ Onígàrí (10:41 alẹ́)

Wọ́n ní méjèèjì, sà. Impact factor wọn 7.2. Àmì COPE náà wà nísàlẹ̀ ojú òpó wọn.

Ìyá Láíbìrì (10:58 alẹ́)

Tóbi, ISSN dà bíi nọ́ńbà mọ́tò. Ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì náà ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá ti ń tẹ nǹkan jáde léraléra lè béèrè fún un, kò sì sí ẹni tó máa bi í bóyá ọ̀mọ̀wé ń ka ohun tó ń tẹ̀.

Ní ti impact factor, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Clarivate ló ń ṣírò ojúlówó rẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n jókòó síbì kan ni wọ́n ń ta nọ́ńbà fún jọ́nà. 7.2 fún jọ́nà tí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀ka yín kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí? Ẹ tún un wò.

COPE ńkọ́? Ẹgbẹ́ tí àwọn olóòtú dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1997 ni, láti máa gba ara wọn nímọ̀ràn lórí irú wàhálà báyìí. Ẹnikẹ́ni lè da àmì wọn kọ. Lọ sí ojú òpó COPE fúnra rẹ̀, kí o wá orúkọ jọ́nà náà nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Tó bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, o lè fẹjọ́ sùn. Tí kò bá sí, o ti rí ìdáhùn.

Ọmọ Ìbàdàn ní Leeds (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀. Ẹ jẹ́ kó wo orúkọ wọn nínú ìwé Beall, àkójọ àwọn jọ́nà tí wọ́n fura sí pé wọ́n ń lu jìbìtì, ó parí.

Olóòtú Aláìgbowó (7:35 àárọ̀)

Kò parí. Jeffrey Beall, òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ní yunifásítì kan ní Denver, Colorado, ní Amẹ́ríkà, ti yọ ìwé yẹn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti oṣù Kìíní 2017. Ẹ̀dà tí àwọn ẹlòmíràn gbé sókè lẹ̀ ń wò. Ojú èèyàn kan ṣoṣo ló sì fi ń wo gbogbo jọ́nà ayé. Jọ́nà kékeré tí kò ní owó láti tún ojú òpó rẹ̀ ṣe lè dà bí ti onígbàjú-ẹ̀ lójú ẹni tó jókòó sí Denver. DOAJ ni kó lò. Àwọn ará Lund ní ilẹ̀ Sweden ló dá a sílẹ̀ ní 2003, ibẹ̀ la ti ń rí àwọn jọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í gbowó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé rárá.

Ọmọ Ìbàdàn ní Leeds (7:58 àárọ̀)

Mo gbà fún yín lórí Beall. Ṣùgbọ́n DOAJ náà ti kọsẹ̀ rí. Ní 2013, akọ̀ròyìn kan, John Bohannon, kọ àpilẹ̀kọ ayédèrú kan lórí oògùn jẹjẹrẹ, ó fi àṣìṣe tó hàn gedegbe sínú rẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà 304. Jọ́nà 157 ló gbà á wọlé, àwọn kan nínú wọn sì wà nínú DOAJ. Ìwé ìròyìn *Science* ló gbé e jáde. (Ohun tó dùn mí níbẹ̀: orúkọ adúláwọ̀ tí kò sí láyé ló fi buwọ́ lù ú, ó ní láti ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Asmara, ní ilẹ̀ Eritrea. Kí ló dé tí kò fi ṣe ti Boston?)

Olóòtú Aláìgbowó (8:20 àárọ̀)

Òótọ́ ni. Ìyẹn ló mú kí DOAJ ní kí gbogbo jọ́nà tún orúkọ fi sílẹ̀ láti 2014 lábẹ́ òfin tó le sí i, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì yọ lẹ́yìn náà. Ẹ wo AJOL náà, tó ti ń kó jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà jọ láti 1998.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú mi. Olóòtú jọ́nà ẹ̀ka wa ni mí, kò sí owó oṣù nídìí rẹ̀. Kí n tó rí ẹni méjì tó máa yẹ iṣẹ́ kan wò, mo lè kọ̀wé sí ẹni mẹ́jọ. Àwọn kan á gbà, wọn ò ní fèsì mọ́. Oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn mẹ́fà. Ẹni tó bá kà á á sọ pé iye àwọn obìnrin tó wà ní táàbù kejì kò bá ti táàbù kẹrin mu, pé ìsọ̀rí kẹta kò yé òun. Èébú díẹ̀ á wà níbẹ̀. Bí iṣẹ́ ṣe ń dára nìyẹn. Ọjọ́ márùn-ún, tí wọ́n ní kò sí àtúnṣe: kò sí ẹni tó kà á.

Síbẹ̀, tí mo bá kó jọ́nà wa síwájú ìgbìmọ̀ ìgbéga, wọ́n á ní "tilé" ni. Èyí tí wọ́n san dọ́là sí ni wọ́n ń pè ní ti àgbáyé. A mọ ibi tí àwọn onígbàjú-ẹ̀ ti ń rí oníbàárà.

Pẹ́lúmi_09 (12:05 ọ̀sán)

Kí lẹ̀ ń dààmú sí? Yí àkọlé padà, fi ránṣẹ́ sí jọ́nà gidi. Ta ló máa mọ̀?

Olóòtú Aláìgbowó (12:19 ọ̀sán)

Kọ̀ǹpútà ló máa mọ̀. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ló ń lo Similarity Check ti Crossref. Yóò fi iṣẹ́ tó wọlé wé èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sì ní ó jọ ọ́ ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Olóòtú kò ní mọ̀ pé wọ́n rẹ́ ọ jẹ ni. Ohun tó máa rò ni pé ìwọ lo fẹ́ tẹ iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ rẹ á sì bàjẹ́ níbi tí kò yẹ kó bàjẹ́ sí.

Ọmọ Onígàrí, kọ lẹ́tà sí olóòtú jọ́nà tuntun kí o tó fi nǹkan kan ránṣẹ́. Sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, fi ẹ̀dà àwọn ímeèlì yẹn há a. Àwọn kan á ní ká dúró di ìgbà tí wọ́n bá yọ ọ́, àwọn kan á ní kò sí wàhálà.

Ọmọ Ìbàdàn ní Leeds (12:44 ọ̀sán)

Èmi lérò pé kó kọ́kọ́ dúró kí wọ́n yọ ọ́ ná. Kó sì kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ń gba ojú òpó wọn sórí ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, pé iṣẹ́ òun ni wọ́n gbé síta láìgbàṣẹ. Èyí máa ń ṣiṣẹ́ ju ẹ̀bẹ̀ lọ.

Bàbá Akadá (4:10 ìrọ̀lẹ́)

Gbogbo yín ń sáré lé jọ́nà, ẹ fi ìdajì ọ̀rọ̀ ọmọ yìí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ orúkọ. N ó sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe tí wọn kò ní jẹ́wọ́ níbí.

Àbúrò, fi orúkọ wọn sí i. Olórí ẹ̀ka ló buwọ́ lu lẹ́tà tí o mú wọ abúlé. Tí kò bá buwọ́ lù ú, baálẹ̀ kì bá ti gbà ọ́. Ọ̀rẹ́ ọ̀gá rẹ lè jẹ́ ẹni tó máa yẹ iṣẹ́ PhD rẹ wò lọ́la. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Orúkọ méjì kò ní kí iṣẹ́ rẹ dínkù.

Ọmọlará_Oníṣègùn (4:52 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣeun, Bàbá, mo júbà. Òwe yẹn dùn. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà inú òwe yẹn na ọwọ́ sí pẹpẹ. Ó bá wọn gbé nǹkan náà sọ̀kalẹ̀ ni.

Àwọn jọ́nà ìlera tí ọmọ yìí máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ń tẹ̀lé òfin ICMJE, ẹgbẹ́ àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn. Ohun mẹ́rin ló béèrè, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì gbọ́dọ̀ pé: kí o kópa gidi nínú èrò iṣẹ́ náà tàbí nínú kíkó dátà tàbí títúmọ̀ rẹ̀, kí o bá wọn kọ ọ́ tàbí kí o tún un ṣe bí ẹni tó mọ ohun tó ń kà, kí o fọwọ́ sí èyí tó máa jáde, kí o gbà pé wọ́n lè bi ọ́ léèrè lórí ohunkóhun tó bá wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kàn wá owó, tàbí tó jẹ́ olórí ẹ̀ka, ibi ìdúpẹ́ ni ipò rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2020. Àpilẹ̀kọ kan jáde nínú jọ́nà ìṣègùn *The Lancet* lóṣù Karùn-ún lórí hydroxychloroquine, oògùn ibà, àti kòrónà. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Surgisphere ló ní òun ní dátà àwọn aláìsàn káàkiri ayé. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè, mẹ́ta nínú òǹkọ̀wé mẹ́rin ní àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́, torí ilé-iṣẹ́ náà kọ̀ láti kó dátà náà sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Wọ́n fa iṣẹ́ náà padà ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà. Ọ̀mọ̀ràn ni àwọn mẹ́ta yẹn o, síbẹ̀ wọ́n fi orúkọ sí ohun tí ojú wọn kò rí ìdí rẹ̀. Èéfín gàrí kò tó ti kòrónà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi olórí ẹ̀ka léèrè lọ́la pé abúlé wo ni wọ́n ti gba nọ́ńbà yìí, kí ni yóò wí?

Tóbi_Físíìsì (5:15 ìrọ̀lẹ́)

Ti oníṣègùn nìyẹn. Ní 2015, iṣẹ́ físíìsì kan jáde lórí èérún Higgs láti CERN, níbi tí ẹ̀rọ ńlá àwọn onífísíìsì wà ní Yúróòpù, òǹkọ̀wé rẹ̀ jẹ́ 5,154. Ṣé gbogbo wọn ló kọ ọ́?

Ọmọlará_Oníṣègùn (5:23 ìrọ̀lẹ́)

Rárá, àmọ́ ẹ̀rọ náà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí wọn, àdéhùn wọn sì wà nílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Níbí, àdéhùn wo ló wà?

Bàbá Akadá (6:02 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin lè sọ̀rọ̀ báyìí nítorí ẹ ti gba oyè tiyín. Ọmọ yìí kò tíì gbà á. Tó bá ṣẹ̀ wọ́n, ta ló máa bá a dé iwájú ìgbìmọ̀?

Ìyá Láíbìrì (6:40 ìrọ̀lẹ́)

Ìbéèrè Bàbá kì í ṣe ti ìbínú, ẹ jẹ́ ká dáhùn rẹ̀. Ọ̀nà tí kò ní dá ìjà sílẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ jọ́nà máa ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí ímeèlì òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan, pé kó kọ ipa tó kó sílẹ̀. Fi fọ́ọ̀mù náà àti àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì kọ ipa tí ẹ kó síbi yìí." Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa tó sì tún èrò inú rẹ̀ ṣe, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tí kò bá ní ohun tó máa kọ, fọ́ọ̀mù ló lé e. Ìwọ kọ́.

Bàbá Akadá (6:48 ìrọ̀lẹ́)

Ìyẹn mọ́gbọ́n dání. Mo gbà.

Kúnlé_Ajé (7:30 alẹ́)

Kó tiẹ̀ fi ChatGPT ṣe òǹkọ̀wé kejì, òun kàn máa ń gbà ni 😂

Olóòtú Aláìgbowó (7:44 alẹ́)

COPE ti sọ ọ́ ní 2023 pé kò lè jẹ́ òǹkọ̀wé, torí kò lè dáhùn fún ohunkóhun. Ẹni tó bá lò ó, kó sọ ibi tó ti lò ó.

Ṣadé_Nọ́ọ̀sì (9:05 alẹ́)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè. Kò sí ẹni tó béèrè nípa àwọn obìnrin náà. Ọmọ Onígàrí, ǹjẹ́ àwòrán wà nínú àpilẹ̀kọ yẹn?

Ọmọ Onígàrí (9:17 alẹ́)

Ọlọ́run mi. Ó wà níbẹ̀ o. Ìyá kan tó ń yan gàrí nínú ahéré, ojú rẹ̀ hàn. Ìyá náà gbà kí n yà á. Mo ka ìwé ìyọ̀ǹda fún un ní Yorùbá, ó tẹ̀ka. Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn fọwọ́ sí i.

Ṣadé_Nọ́ọ̀sì (9:26 alẹ́)

Kí ni ìwé náà sọ pé ẹ máa lo àwòrán yìí fún?

Ọmọ Onígàrí (9:33 alẹ́)

"Fún ìwé ìmọ̀ tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ wò." Kò sí ẹni tó yẹ èyí wò.

Ṣadé_Nọ́ọ̀sì (9:41 alẹ́)

Ibi tó yẹ kó gba oorun lójú ẹ nìyẹn, kì í ṣe 120 dọ́là. Ìyá náà kò mọ̀ pé ojú òun wà lọ́jà. Lẹ́tà tí Ìyá Láíbìrì ní kó o kọ yẹn, àwòrán ni kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Sọ fún ìgbìmọ̀ tó fún ẹ láṣẹ náà kí wọ́n tó gbọ́ ọ níta. Má ṣe fi ojú Ìyá náà sínú èyí tó ń bọ̀, àfi tí o bá tún padà lọ béèrè.

Adérónkẹ́ (9:50 alẹ́)

Ẹnu mi wọhò. Àwòrán àwọn ọmọ ilé-ìwé ló wà nínú tèmi.

Ọmọ Onígàrí (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọjọ́bọ̀, 8:12 alẹ́)

Mo ní kí n padà wá jábọ̀. N kò san 120. Lẹ́tà àkọ́kọ́, wọn kò fèsì. Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ń gba ojú òpó wọn sí bí ará Leeds ṣe wí, mo fi ọ̀rọ̀ àwòrán ṣáájú. Ọjọ́ kẹsàn-án, ojú ewé náà ṣófo. Àkọlé rẹ̀ ṣì ń yọjú lórí Google, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn bá mi wí díẹ̀, wọ́n sì ní kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ fún fáìlì.

Olóòtú jọ́nà tuntun ní kí n fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, pé ó dára tí mo sọ ọ́ ṣáájú.

Fọ́ọ̀mù ńkọ́? Olórí ẹ̀ka pè mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi òun sí ibi ìdúpẹ́. Ọ̀rẹ́ ọ̀gá mi fèsì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá: "Iṣẹ́ dára, tẹ̀síwájú." Ibi tó yẹ kó kọ ipa tó kó sí, ó kọ "àgbéyẹ̀wò". Dókítà Ọmọlará, ṣé ìyẹn kà?

Ọmọlará_Oníṣègùn (8:20 alẹ́)

Rárá o. Jẹ́ kí ọ̀gá rẹ bá ọ sọ fún un. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni.

Bàbá Akadá (8:35 alẹ́)

Kí ó sọ ọ́ lójúkojú, kó má kọ ọ́ sí WhatsApp.

Ṣadé_Nọ́ọ̀sì (9:02 alẹ́)

Ìyá tó wà nínú àwòrán ńkọ́? Ṣé o ti lọ sọ fún un?

Ọmọ Onígàrí (9:06 alẹ́)

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mò ń lọ, mà. Mo ti tẹ àwòrán náà sórí páálí ńlá, mo fẹ́ gbé e fún un.